Sítóòfù Tó Jóná: Rẹ Ẹ́ Kó O Tó Ha Á

Dàpọ̀: Èkìtì kete! Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi, Adó-Èkìtì la ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Ìsinmi ló gbé èmi àti Àǹtí Bọ́sẹ̀ wálé.

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni. Iṣu tí à ń sè fún iyán ni kì í jẹ́ kí sítóòfù wa mọ́. Omi rẹ̀ á ru bo ìkòkò, á ṣàn sórí iná, á gbẹ, á di èédú.

Dàpọ̀: Epo pupa ńkọ́?

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Ti epo tún le. Epo tó ta sórí irin, tí iná ń ràn lójoojúmọ́, ńṣe ló máa ń gan bí ọ̀dà ara ilẹ̀kùn. Omi àti ọṣẹ nìkan ò ká a mọ́.

Dàpọ̀: Kànìnkànìn onírin làwọn èèyàn máa ń gbé sí i.

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Rẹ ẹ́ ná! Pa gáàsì láti orí sìlíńdà, jẹ́ kó tutù. Kó irin tí ìkòkò ń jókòó lé sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́. Fún ojú sítóòfù fúnra rẹ̀, po baking soda mọ́ omi díẹ̀ kó ki, fi pa ibi tó jóná, kó o wá fi aṣọ tó rin fún omi gbígbóná bò ó. Fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 30. Bó o bá ṣí i, wàá rí i pé ó ti ń dẹ̀. Èyí tó bá kù, tún un ṣe.

Dàpọ̀: Àwọn kan máa ń da fínígà lé e kó lè hó.

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Híhó yẹn dùn-ún wò, àmọ́ ńṣe làwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn. Fínígà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń gbé, omi ẹ̀rọ máa ń fi àbààwọ́n funfun sílẹ̀. Fínígà ló ń yọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bẹ yín, ẹ má da bílíìṣì mọ́ fínígà láéláé. Gáàsì klorín ló ń jáde níbẹ̀, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Dàpọ̀: Ìyá àgbà mi ní Ìkéré, eérú ni tiwọn.

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Wọn ò ṣìṣe rárá! Eérú igi tí a fi asẹ́ sẹ́, tí a pò mọ́ omi, ó lágbára láti sọ ọ̀rá di ọṣẹ. Ṣebí eérú èèpo kòkó àti àdín ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú? Ó máa ń dùn mí bí ọmọ wa bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú eérú torí pé ó rí ìgò olówó ńlá ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ orí irin ni kó mọ o. Eérú máa ń jẹ alumíníọ̀mù, òun sì ni wọ́n fi ṣe orí iná ọ̀pọ̀ sítóòfù. Kò gbọdọ̀ kan sítóòfù tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì náà, á họ ọ́.

Dàpọ̀: Onígíláàsì yẹn lọ̀pọ̀ wa ń lò lókè òkun.

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Baking soda yẹn náà dára fún un, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀. Bó bá lẹ̀ pinpin, rẹ́sà tó ní ọwọ́ ni kó o mú, jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sórí gíláàsì, kó o tì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣúgà nìkan ni kò gba sùúrù. Bó bá dà sórí gíláàsì gbígbóná, paná, wọ ìbọ̀wọ́, kó o gbá a kúrò kó tó tutù, torí bó bá gan tán, ó lè ṣí gíláàsì jáde.

Dàpọ̀: Bí iná gáàsì bá wá ń jó pupa rúsúrúsú ńkọ́, tó ń fi dúdú sí ìdí ìkòkò?

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Wo ihò orí iná, ó ṣeé ṣe kó ti dí. Abẹ́rẹ́ ni kó o fi tú u, má lo igi ìtayín, á kán síbẹ̀. Fọ̀ ọ́, kó o sá a sóòrùn títí gbogbo ihò á fi gbẹ, lẹ́yìn náà ni kó o dá a padà, kó o tó ṣí sìlíńdà.