"Ẹ" Tí Màmá Mi Sọ sí Mi

Ẹ gbọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn ètò yìí sílẹ̀ lónìí tí mo tún pa á rẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹkún ló gbà mí. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí a jọ ń gbélé ló tan ẹ̀rọ ìlọta, ló bá bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Háà! Lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i pé irọ́ ni mò ń pa. Mò ń sọ ìtàn náà bíi pé èmi ni ọmọ dáadáa inú rẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Màmá mi sọ "ẹ" sí mi.

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá á ní kí ló wá burú níbẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bí mi, tó jẹ́ pé bí inú wọn bá dùn, "Àbẹ̀kẹ́ mi" ni, bí inú wọn kò bá dùn, "ìwọ ọmọ yìí" ni, wọ́n wò mí lójú lórí fóònù, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n jókòó síta díẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n.

Ẹ dúró ná, n óò padà síbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà. Ẹ sì mọ iṣẹ́ mi: àwọn arúgbó ni mò ń lọ tọ́jú nínú ilé wọn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́hùn-ún, títí ẹsẹ̀ á fi wú. Màmá mi wà ní Òṣogbo, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nínú ilé tí bàbá mi kọ́. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà níbẹ̀. Mo gba arábìnrin kan tó ń dé láàárọ̀ tó ń lọ nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ oògùn, ọ̀rọ̀ iyọ̀ inú ọbẹ̀, iye tí mò ń san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, gbogbo àwa tí òbí wa wà nílé la jọ ń gbé e.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé. Kò sí eegun tó ṣẹ́, apá kàn bó ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí débi pé mo di ìjọba. Mo ṣòfin: Màmá kò gbọdọ̀ jáde síwájú ilé. Wọn kò gbọdọ̀ gbálẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ bó ẹ̀gúsí. Mo ra àga ńlá kan, àga tó rọ̀ bíi búrẹ́dì, mo ní kí wọ́n gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo wá ra kámẹ́rà sí pálọ̀, kí n lè máa wò wọ́n láti ibí.

Ọjọ́ kẹta, kámẹ́rà ṣókùnkùn. Mo rò pé iná ni wọ́n mú lọ. Mo pe arábìnrin náà, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà tìkọ̀tìkọ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, Màmá ló fi ìborùn bò ó. Wọ́n ní kí ni ojú yẹn ń wò lára àwọn." Ẹ gbà mí! Mo rẹ́rìn-ín nísinsìnyí o. Lọ́jọ́ náà, n kò rẹ́rìn-ín. Mo bú arábìnrin náà bí ẹni pé òun ló jí nǹkan mi. Mo ní ta ló ń sanwó fún un, èmi ni àbí Màmá? Wọ́n ká ìborùn kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni "ẹ" yẹn dé.

Oṣù kẹjọ ni, ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun. Ẹ mọ bí Òṣogbo ṣe máa ń rí lásìkò yẹn, èrò á kún láti Ọjà Ọba títí wọ ọ̀nà odò, ìlù níbí, ọlọ́jà níbẹ̀, àlejò tí kò mọ ọ̀nà á máa bi gbogbo ayé. Màmá mi kì í bọ Ọ̀ṣun, Mùsùlùmí ni wọ́n. Àwọn èèyàn tó ń kọjá ni wọ́n fẹ́ rí. Wọ́n ti ń jókòó síwájú ilé yẹn lọ́dọọdún láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ tutù, mo sì ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Mo ń gbọ́ ìlù náà láti inú fóònù. Wọ́n jókòó sínú àga mi yẹn, wọ́n kéré nínú rẹ̀, wọ́n sì tọrọ àyè lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Màmá, ilẹ̀ ń yọ̀." Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun." Wọ́n tún ṣe é o! Ẹ ṣeun.

N kò tilẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ni mo wà, nínú ilé bàbá òyìnbó kan. Mo pa fóònù, mo yíjú sí bàbá, mo ní, "Èwo lẹ fẹ́ wọ̀ lónìí, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ni àbí aláwọ̀ ojú ọ̀run?" Bàbá ń rò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ní, mo dúró kí bàbá yan ṣẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn: má ṣe yàn fún un, bi í. Ibẹ̀ ni mo wà, tí mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì méjì dání, tí "ẹ" yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí. Ara mi tutù. Bàbá ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí.

Òfin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọdún 2005 ni wọ́n ṣe é, àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ni wọ́n máa ń kà á fún. Ó ní ẹ kò gbọdọ̀ ka èèyàn sí ẹni tí kò lè pinnu fúnra rẹ̀ kìkì nítorí pé ìpinnu tó ṣe kò bọ́gbọ́n mu lójú yín. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Mo ń tẹ̀ lé e fún àwọn tí n kò bá tan. Ìyá tèmi sì rèé, tó ṣì rántí ẹni tó jẹ wọ́n lówó àdìrẹ lọ́dún 1987 àti iye tó kù, èmi ni mo ń pinnu ibi tí wọ́n máa jókòó sí.

Aláró ni wọ́n, ṣé mo ti sọ bẹ́ẹ̀? Ìlú aró ni Òṣogbo. Ewé ẹ̀lú tí wọ́n gún, omi eérú, ìkòkò tí a kì í kánjú ṣí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí èékánná gbogbo ìyá ṣe rí nìyẹn, àwọ̀ aró. Ẹ rántí ìtàn àwọn tó tẹ ìlú náà dó, tí wọ́n gé igi tó wó sínú odò, tí ohùn kan ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Ilé ni wọ́n ń wá, wọn kò mọ̀ pé ẹnìkan ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, ọdún yìí ni mo tó bi ara mi pé báwo ló ṣe rí lára ẹni tó ni ìkòkò.

Mo ti ń gbọ́ yín. "Bí wọ́n bá ṣubú ńkọ́?" Wọ́n lè ṣubú. Mo gbà! Nínú pálọ̀ náà, wọ́n lè ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí níbi iṣẹ́. Arúgbó tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn, ẹ dá a sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ méjì pé kó sinmi, ẹni méjì ló máa gbé e dìde. Ẹsẹ̀ tí a kò lò ń rọ, ẹsẹ̀ tó rọ ló sì ń gbéni ṣubú. Ìdí tó bá wà lójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ á pọ́n, awọ á bó, egbò á dé, egbò yẹn kì í sì í tètè jiná. Àga tí mo fi owó gidi rà yẹn, ó lè ṣe wọ́n léṣe ju ilẹ̀ tutù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dènà ìṣubú, ẹ ká ẹní kékeré tó máa ń ká létí kúrò nílẹ̀, ẹ ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, ẹ fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, kí iná wà lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Ẹ mọ gbogbo ẹ̀. Ẹ má ti ìlẹ̀kùn mọ́ èèyàn kí ẹ pè é ní ààbò.

"Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi." Ẹ tún ti dé! Ta ló bi wọ́n? Òyìnbó obìnrin tí ìlú ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, Òṣogbo ló gbó sí, nínú ilé rẹ̀ ní Ọ̀nà Ìbòkun, ẹni ọdún 93 ni nígbà tó kú ní January 2009. Iṣẹ́ ère àti ojúbọ tó ń ṣe nínú igbó Ọ̀ṣun kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó wá máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyá tèmi ẹ̀gúsí ni wọ́n fẹ́ bó. Ẹ̀gúsí!

Èyí tó ń bí mi nínú jù: "Kí ló dé tí o kò mú wọn wá sọ́dọ̀ rẹ?" Ẹ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé Ìbàdàn ni mo wà. Láti ọdún 2012 ni òfin ti le níbí. Ẹni tó bá fẹ́ mú òbí rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìtọ́jú tí wọ́n nílò kò sí nílẹ̀ wọn, tàbí pé agbára kò ká owó rẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lówó tí òun máa fi bọ́ wọn níbí. Ẹ tún ìyẹn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá lówó, wọ́n á ní kí n máa fi ránṣẹ́ sí Òṣogbo. Bí n kò bá lówó, kí ni mo fẹ́ fi bọ́ wọn? Àwa tí a tilẹ̀ ń fọ ìdí arúgbó wọn, láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíísà iṣẹ́ náà kò lè mú ọkọ àti ọmọ dání mọ́. Ká má tíì dárúkọ ìyá. Ká tilẹ̀ ní wọ́n gbà: ta ni Màmá máa kí ní Leeds? Èèyàn ń kọjá níwájú ilé mi bí ẹni tí wọ́n lé.

Ẹ má bínú, mo ti pariwo jù.

Mo pe arábìnrin náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àǹtí, kí kámẹ́rà tó dé, ìta ni Màmá máa ń wà. Wọ́n á bó ẹ̀gúsí fún ìyá tó ń tà á lọ́jà, wọ́n á bá gbogbo èèyàn jà, wọ́n á jẹun dáadáa. Láti ìgbà tí kámẹ́rà ti dé, wọn kì í jẹun tán mọ́." Kò sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀ nítorí pé mo ti bi í pé ta ló ń sanwó.

Mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọ́n ń sọ "ẹ" sí mi. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ ni ọ̀gá ni? Ta ló ń sọ 'o' sí ọ̀gá?" Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni àbí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lọ́kàn wọn. Mo fẹ́ kó jẹ́ yẹ̀yẹ́. Olúwa, kó jẹ́ yẹ̀yẹ́.

Ó dáa. Mo pè wọ́n lánàá nígbà ìsinmi mi. Ìta ni wọ́n wà, ìborùn wọn wà lórí wọn níbi tó yẹ kó wà. Obìnrin kan dúró níwájú wọn, wọ́n ń jiyàn lórí kóńgò, Màmá ní òun kò bó ẹ̀gúsí ní irú iye yẹn rí. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn?" Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí i pé mò ń bá èèyàn sọ̀rọ̀? Dúró!" Wọ́n gbé fóònù sórí àpótí, wọ́n sì gbàgbé mi síbẹ̀. Páànù iwájú ilé ni mò ń wò, òun àti ìtàkùn aláǹtakùn kan tí kò sẹ́ni tó tíì gbá a. Mò ń gbọ́ ohùn wọn. Mo jẹ oúnjẹ mi tán, n kò pa fóònù náà, títí iṣẹ́ fi pè mí padà.