Ẹ Yẹ Env Yín Wò Kí Áàpù Tó Dìde

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ ṣí Python lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tẹ `bool("False")`. Kí ló dá yín lóhùn? True. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ tẹ `Boolean("false")` nínú JavaScript, true ni òun náà máa wí. Kò sí èyí tó ṣàṣìṣe nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé lé wọn lọ́wọ́, wọ́n rí i pé kò ṣófo, ó parí. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ kò kàn wọ́n.

Environment variable, tí gbogbo wa ń pè ní env, ìyẹn ètò tí a ń fún áàpù láti ìta kóòdù rẹ̀, kò mọ nọ́ńbà, kò sì mọ bẹ́ẹ̀ ni yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti wà nínú Unix láti 1979, nínú ẹ̀dà keje tí Bell Labs gbé jáde, bó sì ṣe rí nígbà náà ló ṣì rí: orúkọ kan, ọ̀rọ̀ kan, àmì = láàárín wọn. Nítorí náà, ẹni tó kọ `DEBUG=False` sórí sáfà, tí kóòdù rẹ̀ sì ń fi `bool()` kà á, ńṣe ló tan DEBUG kalẹ̀, ìyẹn ipò ìwá-àṣìṣe tí áàpù ti ń tú inú ara rẹ̀ hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Django, ohun èlò Python, kọ wẹ́ẹ̀bù mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Àṣìṣe kékeré kan á ṣẹlẹ̀, ojú ìwé kan á sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni yòówù tó bá wà níbẹ̀, pẹ̀lú kóòdù yín àti settings yín lórí rẹ̀. Django máa ń gbìyànjú láti bo àṣírí: setting tí KEY, PASS, SECRET tàbí TOKEN bá wà nínú orúkọ rẹ̀, ìràwọ̀ ló máa fi bò ó. Àmọ́ orúkọ ló ń wò. Bí ẹ bá pe tiyín ní DATABASE_URL, tí páásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì sì wà láàárín rẹ̀, gbangba ló máa wà.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lo env o. Nǹkan bí ọdún 2011 ni àwọn ará Heroku, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé áàpù sórí ayélujára, kọ ìlànà méjìlá wọn jáde, ìkẹta nínú rẹ̀ sì ni pé kí ètò áàpù máa gbé inú env, kó má wà nínú kóòdù. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, mo sì ń tẹ̀lé e. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbàgbé ni pé ohun tó ti ìta wọlé ni env. Fọ́ọ̀mù tí oníbàárà kọ, a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Env ńkọ́? A gbà pé ọ̀rẹ́ wa ni.

Ẹ rántí Shellshock, September 2014, àléébù ńlá kan nínú Bash, ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀ lórí Linux. Stéphane Chazelas ló rí i. Bí Bash bá ń dìde, tó sì rí env kan tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi `() {` bẹ̀rẹ̀, á gbà pé function, ìyẹn àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ, ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun, á sì kà á. Èyí kò burú púpọ̀. Ibi tó burú sí ni pé kì í dúró níbi tí function náà parí sí. Àṣẹ tó bá tẹ̀lé e, á ṣe é pẹ̀lú. Sáfà wẹ́ẹ̀bù tó ń lo CGI, ọ̀nà àtijọ́ tí sáfà fi ń pe ètò mìíràn, sì máa ń kó User-Agent àlejò, ìyẹn orúkọ browser rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ lè yí padà, sínú env kan tó ń jẹ́ HTTP_USER_AGENT. Ẹ ti rí ọ̀nà tí olè gbà wọlé. Láti 1989 ni àléébù yẹn ti wà nínú Bash, nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko.

Ó yá, kí la máa ṣe? Fáìlì kan ṣoṣo ni kó máa ka env, kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí áàpù tó gba ìbéèrè kankan. Ibòmíràn nínú kóòdù kò gbọ́dọ̀ pe `os.environ` tàbí `process.env` mọ́. Ẹni tó ń se àsè kì í dúró dìgbà tí àlejò bá jókòó kó tó wò ó bóyá iyọ̀ wà nílé. Bí nǹkan bá kù, kí áàpù kọ̀ láti dìde, kó ka gbogbo ohun tó kù lẹ́ẹ̀kan náà, kó má jẹ́ pé ẹ tún ọ̀kan ṣe tán, òmíràn tún yọjú. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé sáfà á kú. Kó kú! Bí ẹ bá ń lo Kubernetes, ètò tó ń bójú tó áàpù lórí sáfà, tí ẹ sì ti ṣètò readiness probe dáadáa, ìyẹn ìbéèrè bóyá áàpù ti ṣe tán, ẹ̀dà tuntun tí kò lè dìde kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti àtijọ́. Oníbàárà ò tiẹ̀ ní mọ̀. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni áàpù tó dìde wẹ́rẹ́, tó wá dákú láago méjì òru nígbà tí ẹnì kan fẹ́ sanwó.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. `parseInt("30abc")` nínú JavaScript, 30 ló máa fún yín, kò ní bínú. `Number("")`, òdo ni. Ẹni tó kọ `TIMEOUT=`, iye àkókò tí áàpù máa dúró kó tó sú u, tó gbàgbé láti fi nǹkan sí i, ó ti ní timeout òdo nìyẹn. Ní Python, `os.environ.get("REGION", "eu")` kò ní fún yín ní "eu" bí REGION bá wà níbẹ̀ lófìfo; òfìfo yẹn gan-an ló máa gbé fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Zod ṣe àyẹ̀wò nínú JavaScript, ẹ ṣọ́ra fún `z.coerce.boolean()`: "false" á di true níbẹ̀ náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé "true" tàbí "false" nìkan ni ẹ máa gbà, kí ẹ kọ ìyókù, títí kan "Yes" àti "1".

Àwọn àmì tí ojú kì í tètè rí ńkọ́? `echo` máa ń fi ìlà tuntun sí ìparí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣe `echo 'kọ́kọ́rọ́' | base64` fún Secret Kubernetes, ibi tó ń tọ́jú àṣírí, láì fi `-n` sí echo ti di ìlà tuntun yẹn mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, ilé-iṣẹ́ ìsanwó á sì máa sọ pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni `docker run --env-file`, tó ń ka env láti inú fáìlì: bí ẹ bá kọ `KEY="abc"`, àmì méjèèjì yẹn á bá abc wọlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, dotenv, tí òun náà ń ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, máa ń bọ́ wọn kúrò. Fáìlì kan náà, ìtumọ̀ méjì. Àwọn kan á ní kí ẹ fi `strip()` gé etí rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí áàpù kọ̀ ọ́, kí ẹni tó kọ ọ́ lọ tún un ṣe níbi tó ti bàjẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí tó kàn dáadáa, torí pé àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ lè tú àṣírí. Pydantic, tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní Python, dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣi ìlà gbé, tó fi páásíwọ́ọ̀dù síbi tó yẹ kí port, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà sáfà, wà, ẹ wo ohun tó máa kọ sínú log, ìwé àkọsílẹ̀ áàpù: `input_value=`, páásíwọ́ọ̀dù yín á sì tẹ̀lé e pátápátá. Log kì í sì í dúró sójú kan. Ó ń lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń kó log jọ, gbogbo ẹgbẹ́ ń kà á, ẹnì kan á sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp láti fi béèrè ìrànlọ́wọ́. Ẹ fi `hide_input_in_errors=True` sínú ètò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ara yín lẹ fi kọ àyẹ̀wò náà, ẹ sọ orúkọ, ẹ sọ irú ohun tí ẹ ń retí, ẹ má sọ ohun tí ẹ rí. "DATABASE_PORT: nọ́ńbà láti 1 dé 65535 ni mo ń retí." Ó tó. Ohun tó bá sì jẹ́ àṣírí, ẹ má fún un ní default, ìyẹn ohun tí áàpù máa lò bí kò bá rí nǹkan, rárá. "Changeme" tí ẹ kọ fún ìdánwò máa ń bá yín dé production, níbi tí oníbàárà ti ń lò ó.

Arábìnrin kan bèèrè nípa Vite, ohun èlò tí a fi ń kó kóòdù wẹ́ẹ̀bù jọ fún browser. Ẹ ṣeun, mà. Env tí orúkọ rẹ̀ bá fi `VITE_` bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àṣírí mọ́; bí ẹ bá ti lò ó nínú kóòdù, wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú JavaScript nígbà build, ìgbà tí a ń kó kóòdù náà jọ, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí browser á rí i kà. `NEXT_PUBLIC_` ti Next.js rí bẹ́ẹ̀ náà. Nítorí náà, ẹ ya àyẹ̀wò wọn sọ́tọ̀, kó máa ṣẹlẹ̀ nígbà build, torí pé bí sáfà bá fi máa dìde, ọwọ́ ti bọ́.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ fi `env -i` ṣíwájú àṣẹ tí ẹ fi ń gbé áàpù yín dìde, kí ẹ sì kọ ọ̀nà Python tàbí Node yín tán pátá, torí pé PATH náà á ti lọ. `env -i` máa ń kó gbogbo env kúrò nílẹ̀. Bí áàpù náà bá ṣì dìde, tó ní òun ti ṣe tán láti gbàlejò, ẹ wá default tó ń lò kàn.