Mí kanlẹ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Orí Òkúta Olúmọ ni mo wà yìí, l'Abẹ́òkúta. Àtẹ̀gùn ni mo gbà gòkè, ẹ sì ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí gúlegúle. Ẹ wo àyà mi, ó ń lọ sókè sódò; ikùn mi ní tiẹ̀ ò mira rárá.

Tèmi yìí kò burú, òkè ni mo gùn. Èyí tó ń dùn mí ni ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ítòkú, tí àdìrẹ ò tà, tí owó iléèwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, tó sì ń fi àyà lásán mí báyìí látàárọ̀ dalẹ́. Ara ò mọ̀ pé gbèsè ni. Ó rò pé ẹnì kan ń lé òun ni. Ọkàn á máa sáré, oorun ò ní í wá.

Ẹ rántí ohun tí à ń ṣe tí ìròyìn ayọ̀ bá dé lẹ́yìn ìdààmú. Ibà ọmọ ti lọ, a ó mí kanlẹ̀: hùúù. Èémí àjáde ni, ó gùn, ìsàlẹ̀ ikùn ló sì ti wá. Àwọn oníyógà ilẹ̀ Íńdíà ti mọ èyí láti ayébáyé, pranayama ni wọ́n ń pè é: wọn kì í dúró de ìròyìn ayọ̀ kí wọ́n tó mí kanlẹ̀.

Iṣan pẹrẹsẹ kan wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, ikùn á yọ síta. Okùn iṣan kan tún wà, vagus lorúkọ rẹ̀, tó ti ọpọlọ gba ọrùn dé ọkàn àti ikùn. Nígbà tí a bá ń mí síta, òun ló ń sọ fún ọkàn pé kó rọra. Ìdí nìyẹn tí àmíjáde fi gbọ́dọ̀ gùn ju àmísínú lọ.

Inú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni yógà ti wá, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ èémí tí a fẹ́ mí yìí kò ní àdúrà kankan nínú. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, oníṣẹ̀ṣe, gbogbo wa là ń mí.

Ẹ má torí rẹ̀ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì o. Aláboyún àti ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹ má sé èémí rárá. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ padà sí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.

Ó yá. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, kí ọwọ́ kan wà lórí ikùn. Èmi á ṣe tèmi lórí ìdúró. Ẹ gba imú mí sínú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ gòkè. Ẹ wá tú u jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ mímu gbígbóná: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Bí a bá ń kà á báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré la ó mí nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó jókòó lásán ń mí tó ìgbà 12 sí 20. Ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, 5 kí ẹ tó sùn.

Ẹ̀kan sí i. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin... hùúù.

Ẹ wo àyà mi báyìí. Ó ti dákẹ́, ikùn ló ń mira. Ẹ jẹ́ n máa sọ̀ kalẹ̀.