Ìgbì Kì í Dárúkọ: Kí Ló Wà Lẹ́yìn Ariwo Dáyámọ́ńdì Abẹ́ Ilẹ̀?

Ní 2018, ìròyìn gba ayé kan pé dáyámọ́ńdì tó tó bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù kan wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ má tíì gbé ṣọ́bìrì o. Ó jìn ju kìlómítà 120 lọ; ihò Kola ní Rọ́ṣíà, tó jìn jù lára èyí tí ènìyàn gbẹ́ rí, ò ju kìlómítà 12 lé díẹ̀ lọ.

Ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́kàn lé. Lábẹ́ craton, ìyẹn ilẹ̀ àtijọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ nípọn bíi Kaapvaal ní South Africa, ìgbì S, èyí tó ń mi òkúta sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń lọ, máa ń sáré tó kìlómítà 4.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú peridotite, òkúta tó pọ̀ jù níbẹ̀, ìgbì kì í sáábà yára tó bẹ́ẹ̀. Nínú dáyámọ́ńdì, tó jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ìgbì S ń sáré tó kìlómítà 12. Wọ́n ní: bu díẹ̀ mọ́ ọn, ó parí.

Kò tíì parí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Shear modulus, ìyẹn ìwọ̀n bí òkúta ṣe le tó láti lọ́, tó 72 GPa (gigapascal) fún peridotite níbẹ̀, ti dáyámọ́ńdì tó 535. Ẹ fi dáyámọ́ńdì ìdá 2 nínú 100 sí i. Bí ẹ bá ṣe ìpíndọ́gba Voigt, tó kàn pín líle méjèèjì bí ìdá oníkálukú ṣe pọ̀ tó, ìyára á fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 gòkè. Ṣùgbọ́n hóró tó fọ́n káàkiri ni dáyámọ́ńdì yìí, òkúta tó rọ̀ jù ú lọ ló yí i ká. Ẹ lo ààlà ìsàlẹ̀ ti Hashin àti Shtrikman, ìṣirò tó bá irú àdàlù bẹ́ẹ̀ mu: 4.60 á di 4.67, kò ju ìdá kan àbọ̀ lọ. Bí òkúta tí kò ní dáyámọ́ńdì kankan bá sì fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 100 sí 150 tutù sí i, iye kan náà ni yóò fi yára sí i! Àwọn tó ń nawọ́ sí àwọ̀ búlúù, ibi tí ìgbì ti yára, lórí máàpù pé “kábọ́ọ̀nù rèé”, òtútù ńkọ́?

Ẹlẹ́rìí kejì ni mo ń bèèrè. Ní Kaapvaal, kimberlite, òkúta yíyọ́ tó tú jáde láti ìsàlẹ̀ jíjìn, ti gbé òkúta ìsàlẹ̀ wá sókè. Garnet àti pyroxene, èròjà inú àwọn òkúta náà, ń jẹ́ ká mọ ooru ibi tí wọ́n ti wá. Ẹni tó bá ní ìyẹn lọ́wọ́ ò lè fi ooru tó wù ú ṣeré.

Àkókò ti ń lọ. Kábọ́ọ̀nù tún lè wà ní ìrísí míì. Magnesite, èròjà òkúta tó ní kábọ́ọ̀nù nínú: ìyára ìgbì nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti olivine, èròjà tó pọ̀ jù nínú peridotite, dọ́gba, díẹ̀ nínú rẹ̀ ò ní hàn. Ìyára rẹ̀ ń yàtọ̀ gan-an láti ìhà kan sí èkejì, àmọ́ olivine náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Carbonatite, òkúta oníkábọ́ọ̀nù, tó bá ti yọ́ ń dín ìyára ìgbì S kù ju ti ìgbì P (èyí tó ń ti òkúta síwá sẹ́yìn) lọ, iná mànàmáná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Ìyẹn rọrùn díẹ̀ láti dá mọ̀.

Arákùnrin kan láàárín àwùjọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ dìde: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Abẹ́ Ìbàdàn wa ńkọ́?”

Mo ní kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìwọ̀ oòrùn wa ni craton Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà. Orí rẹ̀ ni dáyámọ́ńdì Kono ní Sierra Leone ti jáde. Ooru ti tún ilẹ̀ tiwa sè ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ wò ó, ẹ gbé ẹ̀rọ broadband, tó ń gbọ́ ìgbì ilẹ̀ tó yára àti èyí tó lọ́ra, sórí àpáta, kó jìnnà sí títì àti igi ńlá, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ aago rẹ̀. Láàárín ẹ̀rọ méjì tó fi kìlómítà 100 jìnnà síra, ìgbì tó ń sáré 4.60 á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 21.7, dáyámọ́ńdì ìdá 2 ò ní yọ ju nǹkan bí 0.3 kúrò níbẹ̀. Bí eriali GPS tó ń tún aago náà ṣe bá já, tí aago sì fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣìnà, àṣìṣe yẹn ti ju ohun tí ẹ ń wá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.