Kẹ́ ẹ Tó Ra Wifi fún Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì

Ẹ wo nǹkan tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Dongle wifi ni, èyí tí wọ́n ń ki bọ ihò USB kí kọ̀ǹpútà lè gba wifi. Ní Computer Village n'Íkẹjà, òun ni ọlọ́jà máa kọ́kọ́ nà sí yín. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ yí páálí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ kà á.

Tó bá jẹ́ 2.4GHz nìkan ló wà níbẹ̀, láìsí 5GHz (méjì lára ọ̀nà tí wifi máa ń gbà lójú afẹ́fẹ́ nìyẹn), ẹ dá a padà. Lóòótọ́, 2.4 máa ń la ògiri kọjá ju 5GHz lọ, ṣùgbọ́n chánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn lórí níbẹ̀: 1, 6 àti 11. Ẹ wá wo ilé alájà mẹ́ta ní Sùúrùlérè, tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní router tiẹ̀, táwọn ọmọ ìsàlẹ̀ tún ń tan hotspot. Bí ogún dáńfó ṣe ń du ojú ọ̀nà kan lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba nìyẹn. Àyè pọ̀ lórí 5GHz. Àmọ́ kí router tàbí MiFi yín náà ní in o, torí ọ̀pọ̀ MiFi àtijọ́ ò ní.

Ẹ rí "AC600" tó wà lára páálí yìí? Wọ́n ro 150 Mbps (ìwọ̀n bí dátà ṣe ń yára) ti 2.4 pọ̀ mọ́ 433 ti 5GHz, ó jẹ́ 583, wọ́n wá fi ènì sí i. Ènì tẹ́nikẹ́ni ò lè jẹ. Ọ̀nà kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni dongle yín máa gbà lẹ́ẹ̀kan.

Èmi náà ti ki irú èyí bọ ẹ̀yìn CPU rí. Irin CPU níwájú, ògiri lẹ́yìn. Ìlà wifi ò ju ẹyọ kan lọ. Mo fi wáyà extension USB gbé e sórí tábìlì, ó di mẹ́ta. Tí háàdì dísìkì bá wà nínú ihò USB 3.0 tó wà nítòsí, ẹ tún jìnnà sí i: ariwo rẹ̀ máa ń da 2.4 láàmú.

Tí CPU yín kì í kúrò lójú kan, káàdì PCIe oní-áńtẹ́nà méjì, èyí tí wọ́n ń ki bọ inú CPU gan-an, ni mo fara mọ́. Ẹ yọ wáyà iná kẹ́ ẹ tó tú u. Wáyà kékeré tó wá pẹ̀lú rẹ̀, inú ihò USB orí bọ́ọ̀dù ló ń lọ. Láìsí i, Bluetooth tó wà lórí káàdì náà ò ní ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ driver, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá dongle tàbí káàdì náà ṣiṣẹ́, ńkọ́? Wọ́n lè fi CD sí páálí, kọ̀ǹpútà yín ò sì níbi tí wọ́n ń ki CD sí. Ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, kẹ́ ẹ fi dátà fóònù wa driver náà sílẹ̀.