Ohùn Kan Ṣoṣo: Ọ̀rọ̀ György Ligeti

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ mi nílé àti lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ György Ligeti, ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ orin fún dùùrù, ló gbà mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ Júù tó ń sọ èdè Họ́ńgárì ni, Transylvania, ní Romania, ni wọ́n sì ti bí i lọ́dún 1923. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló wù ú ní yunifásítì, ṣùgbọ́n òfin tó dín iye àwọn Júù kù níbẹ̀ dí i lọ́nà, ló bá gba ilé ẹ̀kọ́ orin lọ.

Lọ́dún 1944, wọ́n fi tipátipá kó o lọ ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Họ́ńgárì, wọ́n sì kó àwọn òbí rẹ̀ àti Gábor, àbúrò rẹ̀, lọ sí Auschwitz, àgọ́ ìpakúpa tí ìjọba Násì ti Jámánì ń kó àwọn Júù sí. Bàbá kú sí Bergen-Belsen, àgọ́ Násì mìíràn. Gábor kú sí àgọ́ Mauthausen, ọmọ ọdún 16 péré. Ìyá wọn, dókítà ojú, là á já. Nígbà tí Ligeti sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ipá náà, tó fẹsẹ̀ rìn padà sílé, àwọn àjèjì ló bá nínú ilé wọn. Àárò ilé ń sọ àwa tí a wà lókè òkun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, tí ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ dè é. N kò jẹ́ fi tiwa wé tirẹ̀.

Láàárín 1951 sí 1953, ní Budapest, lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì tó ń ṣọ́ orin tọwọ́tẹsẹ̀, ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ènìyàn lè fi ohùn kan ṣoṣo, ìyẹn nóòtì orin kan, ṣe. Orin mọ́kànlá fún dùùrù ló ti ibẹ̀ jáde, Musica ricercata ló sì pè wọ́n. Nínú èyí àkọ́kọ́, ohùn kan náà ló ń tẹ̀, nísàlẹ̀, lókè, pẹ̀lẹ́, kíákíá, títí tí ohùn kejì fi dé ní ìparí pátápátá. Ẹni tí wọ́n gba bàbá, àbúrò àti ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ń gbọ́ níbẹ̀, tó ń fi sùúrù yẹ ohun tó kù wò. Nínú èkejì, ohùn méjì tó fara kanra ń wọ́ lọ, kí ẹ̀kẹta tó já wọlé léraléra, gan-an-ran. Ligeti sọ pé ọ̀bẹ tí òun fi gún Stalin, aláṣẹ Soviet, lọ́kàn nìyẹn.

Ní December 1956, ó sá lọ sí Vienna ní Austria, lábẹ́ àpò lẹ́tà nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó di 1969, ní Sundsvall lórílẹ̀-èdè Sweden, kí wọ́n tó tẹ gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá náà fáráyé gbọ́. Èkejì yẹn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.