Béékíǹ Sódà Nínú Ilé: Iṣẹ́ Tó Lè Ṣe àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Okun o, ẹ̀yin òǹwòran wa, láti Kàbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ ń wò nínú àwo yìí ni béékíǹ sódà, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà nítorí kéèkì, tí a ó bu ṣíbí kan nínú rẹ̀, tí ìyókù yóò sì wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná títí yóò fi dì. Kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí pé ìbátan kán-ún tí àwọn ìyá wa ń sọ sínú ẹ̀wà ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ wà nínú kán-ún pẹ̀lú, àmọ́ kán-ún le jù ú lọ, iyanrìn àti èérí sì máa ń bá a rìn.

Ẹ ṣọ́ra lọ́jà o. Bí ènìyàn bá kàn béèrè sódà, wọ́n lè bu kọ́sítíìkì fún un, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, tó lè bó ènìyàn lára, tó sì lè ba ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé jẹ́. Èyí tí a kọ orúkọ sí lára páálí rẹ̀ ni kí ẹ rà, ẹ má sì fi ahọ́n tọ́ èyí tí kò lórúkọ wò.

Ẹ wò ó bí mo ṣe fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí: ó ń hó yẹ́ẹ́. Ohun tó kan ni béékíǹ sódà máa ń bá jà, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbi ìjà náà ló sì ń mú kéèkì wú. Nígbà tí híhó náà bá parí, àwọn méjèèjì ti pa agbára ara wọn, nítorí náà ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ sínú ìgò láti máa fi fọ ilé kàn ń ṣòfò ni.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ìdí ìkòkò tó jó. Mo bu ṣíbí méjì sínú ìkòkò tí ẹ̀wà jó mọ́ yìí, mo da omi bo ojú ibi tó jó, mo sì jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé iná máa ń sọ sódà di alágbára sí i. Ní báyìí tó ti tutù, ẹ wo bí ṣíbí onígi ṣe ń ká dúdú náà kúrò bí èèpo. Ẹ má dán an wò nínú ìkòkò alumíníọ́mù o. Mo ti fi sọ ìkòkò ìyá mi di dúdú rí, àlàyé tí mo ṣe kò sì wọ̀ wọ́n létí.

Ife tí kọfí ti pa láró, kúlà tó ti kan: sódà díẹ̀ àti kànìnkànìn tútù ti tó. Nínú fíríìjì tí iná ti lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ gbé e sínú àwo láìdé e, yóò dín òórùn ọbẹ̀ tó kan kù. Ṣùgbọ́n òórùn ẹja àti irú kì í ṣe ti kíkan, ọsàn wẹ́wẹ́ ló mọ iṣẹ́ ìyẹn jù ú lọ.

Ní ti àwọn èso tí wọ́n fín oògùn sí lóko, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà dán an wò lára èso ápù ní ọdún 2017. Wọ́n po gíráàmù 10 sínú lítà omi kan, wọ́n rẹ ápù sínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 sí 15, oògùn méjì tí wọ́n fi sí ojú èèpo rẹ̀ sì kúrò ju bí omi lásán ṣe lè ṣe lọ. Èyí tó ti wọ inú èèpo kò jáde. Ọ̀bẹ ni ẹ ó fi bó ìyẹn.